Bí a ṣe lè ṣàkójọ ìtàn olùkọ́ míṣọ́n tó ti òkèèrè wá

Ẹ̀yin ọmọ Òmù-Àrán àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù tí ẹ fẹ́ kọ ìtàn àwọn òyìnbó tó kọ́ àwọn òbí wa níwèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oríyìn bẹ̀rẹ̀. Ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ tò. Ẹ wo Minnie Vautrin, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Illinois ní 1886: ó dé Ṣáínà ní 1912, ó ṣe olórí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Hefei, kí ó tó bọ́ sí Ginling, kọ́lẹ́ẹ̀jì míṣọ́n fún àwọn obìnrin ní Nanjing, ní 1919. Ẹni tó bá to ọdún wọ̀nyí sójú ìwé yóò rí i pé ọdún méje wà ṣáájú ibi tí ayé ti mọ obìnrin náà, yóò sì máa wá ohun tó ṣe nínú wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ohun tí olùkọ́ náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Japan gba Nanjing ní oṣù Kejìlá 1937, Vautrin kò kúrò. Nǹkan bí ẹgbàárùn-ún obìnrin àti ọmọdé ló sá sábẹ́ òrùlé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, síbẹ̀ ó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sílẹ̀. Ìwé yẹn wà ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà títí di òní. Bí ẹ bá rí lẹ́tà nínú àpótí ẹnì kan, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti àpòòwé rẹ̀, nítorí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lè sọ ọjọ́ tí lẹ́tà kò sọ.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nílé ni olùkọ́ ń kọ lẹ́tà sí, kì í ṣe àwa. Nítorí náà, àwọn àgbà ló kù. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ gbàyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbé fóònù síta láti gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ohun kékeré: ta ló ń lu agogo, kí ni wọ́n ń jẹ, ta ló ń ṣe ògbufọ̀, orúkọ wo ni ìlú sọ òyìnbó náà? Hua Qun ni wọ́n ń pe Vautrin ní Ṣáínà, orúkọ bẹ́ẹ̀ sì máa ń sọ ohun tí ìwé àṣẹ kò lè sọ. Bí àgbà kò bá rántí ọdún, ẹ bi í bóyá ó ṣáájú ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara wa sílẹ̀ ní 1967, tàbí kí ìjọ ECWA tó dúró ní 1954. Bí ẹni méjì bá sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ méjèèjì.

Ẹ má gbàgbé ẹni tó ń se oúnjẹ. Nínú àkójọ kan tí mo bá wọn ṣe, a fi bàbá kúkù sí ìkẹyìn. Kí a tó padà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti papò dà, ó sì dùn mí títí di òní.

Ìbànújẹ́ náà ní àyè tirẹ̀. Ọkàn Vautrin ti gbọgbẹ́ nígbà tó padà sílé ní 1940, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1941. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ìtàn tí ẹ ń kọ, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹbí. Bí wọ́n bá gbà, ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan péré, ní ọdún tó ṣẹlẹ̀.