Bí A Ṣe Ń Mú Ohun Tuntun Sọdá Ọ̀gbun Tí Ó Wà Láàárín Àwọn Tí Ó Kọ́kọ́ Gbà Á àti Ìyókù Ìlú

Ẹni tí ó bá ti rìn ní agbègbè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ̀ pé ènìyàn lè dúró lórí òkè kan kí ó máa wo ẹni tí ó wà lórí òkè kejì, kí wọ́n tilẹ̀ máa gbọ́ ohùn ara wọn, síbẹ̀ kí ó gba ìrìn gígùn kí ọ̀kan tó dé ọ̀dọ̀ èkejì, nítorí ọ̀gbun tí ó wà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí nígbà tí a bá mú ohun tuntun wọ ìlú. Àwọn díẹ̀ á gbà á tayọ̀tayọ̀, a ó sì rò pé ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ṣùgbọ́n ọdún á yí po, òmíràn á tún yí, a kò ní rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Èkìtì ni mo kọ èyí fún, yálà ẹ jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí ọ̀dọ́ tí ó padà wálé láti dáko. Ẹ̀gẹ́ pupa ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí inú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú nítorí èròjà tí ara wa ń sọ di fítámì A, tí ìjọba sì fọwọ́ sí oríṣi mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2011.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ó wà ní etí ọ̀gbun náà lápá kọ̀ọ̀kan. Everett Rogers, ọmọ àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, ni ó pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà márùn-ún ní ọdún 1962, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń yára gba ohun tuntun sí. Nínú ọgọ́rùn-ún, 2.5 ni ó máa ń ṣáájú gbogbo ìlú, 13.5 ni ó tẹ̀ lé wọn, 34 máa ń dúró wò ná, 34 mìíràn kì í gbà àfi ìgbà tí ọ̀pọ̀ bá ti gbà, 16 sì ni ó kẹ́yìn pátápátá. Bàbá Rogers gan-an lọ́ra láti gbin irúgbìn àgbàdo tuntun tí ó dé sí agbègbè wọn. Nígbà tí ọ̀dá dá ní ọdún 1936, àgbàdo bàbá rọ, ti aládùúgbò wọn sì dúró ṣinṣin. Ní ọdún 1991, Geoffrey Moore, tí ó ń gba àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà nímọ̀ràn, sọ pé àárín ìpín kejì àti ìpín kẹta ni ọ̀gbun ti jìn jùlọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ìbéèrè tí àwọn méjèèjì ń béèrè kò jọra. Ẹni ìṣáájú ń béèrè ohun tí nǹkan náà lè dà lọ́la. Ẹni tí ó wà lódìkejì ń béèrè pé ta ni nínú àwọn tí a jọ ń dáko ni ó ti lò ó tí kò sì kábàámọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó ti gbin ẹ̀gẹ́ pupa sílẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tí oníkálukú yóò pàdánù bí kò bá ṣe dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọmọ yunifásítì ni ó pọ̀ nínú wọn, oko wọn lè kùnà kí ebi má tìtorí rẹ̀ wọ ilé wọn. Àgbẹ̀ tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú ebè ọdún yìí kò lè fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe. Kì í ṣe pé ó gọ̀. Ó mọ ìṣirò ni.

Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jùlọ. Ẹ má ṣe pín igi ẹ̀gẹ́ kiri gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 tí ó wà ní Èkìtì, kí oko méjì péré wà níhìn-ín kí mẹ́ta wà lọ́hùn-ún. Ohun tí àgbẹ̀ kan ṣe ní Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí lójú ẹni tí ó wà ní Ìjerò, nítorí kò mọ̀ ọ́n rí. Abúlé kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, níbi tí àwọn ìyá ti ń yan gaàrí pa pọ̀, kí ẹ sì dúró tì wọ́n títí tí púpọ̀ nínú wọn yóò fi gbà. Gaàrí ni mo sì yàn, n kò yan fùfú tàbí láfún, torí pé funfun ni ojú gbogbo wa mọ àwọn wọ̀nyẹn sí, bí wọ́n bá sì pọ́n lójijì, oníbàárà yóò rò pé wọ́n ti bàjẹ́. Gaàrí pupa kì í ṣe àjèjì lọ́jà. Epo ni àwọn ìyá fi ń sọ ọ́ di pupa. Ẹ̀gẹ́ yìí ti gbé àwọ̀ tirẹ̀ wá, ẹni tí ó bá ń yan án yóò sì lè dín epo tí ó ń rà kù. Ọ̀rọ̀ epo yìí ni kí ẹ fi ṣíwájú, kí ọ̀rọ̀ fítámì tẹ̀ lé e.

Ẹ má gbé ohun tí kò pé wá. Igi ẹ̀gẹ́ nìkan kò tó, nítorí ẹ̀gẹ́ tí a bá ti fà tu kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Kí ẹ tó pín igi, ẹ ti bá onílé-ẹ̀rọ tí yóò rin ín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ti mọ alájàpá tí yóò ra gaàrí náà àti iye tí yóò rà á.

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń ṣiyèméjì gbin ebè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́ tí ó ti ń gbìn tẹ́lẹ̀, nínú ilẹ̀ kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Nígbà ìkórè, ẹ wọn àwọn méjèèjì kí wọ́n dọ́gba, kí wọ́n rin wọ́n, kí wọ́n fún omi wọn, kí wọ́n yan wọ́n, kí wọ́n sì fi kóńgò kan náà wọn gaàrí rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Bí ti pupa bá kéré, ẹ sọ ọ́ jáde. Ẹ má fi epo tí ó dín kù bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì ju ohun tí yóò sọ lọ. Nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Ryan àti Gross, ṣe ìwádìí lórí àgbàdo tuntun náà ní Iowa, tí wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1943, wọ́n rí i pé ẹnu àwọn tí ó ń tà á ni àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà á ti gbọ́, ṣùgbọ́n aládùúgbò ni ó yí àwọn tí ó kù lọ́kàn padà. Nínú àgbẹ̀ 259, méjì péré ni kò tíì gbà á ní ọdún 1941. Ó ń dùn mí pé àwa ọmọ Èkìtì, tí a ń fi iye ọ̀jọ̀gbọ́n wa yangàn, ṣì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé ìlànà fún àwọn ìyá tí kò ní kà á, tí a sì ń gbẹ́ ọ̀gbun náà jìn sí i. Ẹ fi ẹ̀ka èdè ìlú náà sọ ọ́, kí ìyá tí ó ti yan án sì jẹ́ olùkọ́.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ bèèrè ìdí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó gbọ́ nípa bí a ṣe ń gé iṣu sí wẹ́wẹ́, nǹkan bí gíráàmù 25, láti fi pọ̀ ọ́ ní èbù, tí wọn kò sì tẹ̀ lé e. Wàhálà rẹ̀ pọ̀ lójú wọn, wọ́n sì fẹ́ èbù tí ó tóbi. Irú èsì bẹ́ẹ̀ ń fi ibi tí iṣẹ́ yín kù sí hàn yín.

Ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti sọdá nígbà tí ará abúlé náà bá ń ra igi ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láìjẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀. Nígbà náà ni kí ẹ gba abúlé kejì lọ, kí ẹ sì mú ìyá tí ó kọ́kọ́ yan gaàrí náà dání.