Sáàmù ìyá mi tí AI yí padà: bí mo ṣe sanwó ìtẹ̀wé lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó ìwé ètò ìsìn ìrántí ọdún kan tí ìyá mi kú. ₦90,000 lákọ̀ọ́kọ́, fún ẹ̀dà 200. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, àánú mi ṣe atẹ̀wé ní Ṣómólú, ó gba ₦75,000. Gbólóhùn kan péré nínú Sáàmù kẹtàlélógún ló fà á.

Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló to ètò ìsìn náà, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ọ́. Yorùbá ni wọ́n ń sìn ní ìjọ ìyá wa ní Abẹ́òkúta. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú AI, mo ní kó sọ ọ́ di Yorùbá. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi parí, pẹ̀lú àmì ohùn lórí, èmi tí mi ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ láti ilé ìwé girama. Inú mi dùn púpọ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ, mo mú ẹ̀dà kan lọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: “Olúwa ni olùtọ́jú àgùntàn mi, èmi kì yóò fẹ́.” Wọ́n dúró.

“Kì yóò fẹ́ kí ni?”

Mo ní, “Mọ́mì, Sáàmù kẹtàlélógún ni.”

“Ìyá rẹ ò mọ Sáàmù yìí o.”

Ojú tì mí. “Want” ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tó túmọ̀ sí pé nǹkan wọ́n èèyàn, ni ẹ̀rọ náà rí, tó kà á sí “fẹ́”. Ohun tó wà nínú Bíbélì gbogbo ilé ni “Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi, èmi kì yóò ṣe aláìní.” Àràárọ̀ ni ìyá mi ń ka gbólóhùn yẹn kó tó ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí àìsàn dé, tí orúkọ wa ń sọnù lẹ́nu wọn, “èmi kì yóò ṣe aláìní” kò sọnù.

Mo padà sídìí AI. Ó tọrọ àforíjì, ó tún ẹsẹ kìíní ṣe, ó sì ba ẹsẹ kejì jẹ́: “omi dídákẹ́ rọ́rọ́” di “omi tí kò mì”. Mo bá a wí. Ó tún tọrọ àforíjì. Nígbà tí a dé ẹsẹ kẹrin, “ọ̀gọ rẹ àti ọ̀pá rẹ” ti di “ọ̀pá rẹ àti igi rẹ”. Igi! Mo ní kó má túmọ̀ nǹkan kan mọ́, kó sáà kọ ohun tó wà nínú Bíbélì Yorùbá. Ó ní òun ti gbọ́, ó sì tún kọ tirẹ̀.

Mo wá ya fọ́tò ojú ewé náà nínú Bíbélì ìyá mi, èyí tó ṣì ń kọ “yio”. Àbàwọ́n epo pupa wà níbi tí àtàǹpàkò wọn máa ń wà. Ẹ̀rọ náà ka ìlà mẹ́ta dáadáa. Bó ṣe dé ibi epo, kò sọ pé òun ò ríran. Ó kàn ń hun ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ bí ẹni tó ń kà á. Èyí ló bí mi nínú jù. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo lò níbẹ̀, títí iná fi lọ.

Nígbà tí iná dé, mo fọwọ́ ara mi tẹ ẹsẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ní 1846, Abẹ́òkúta yìí kan náà ni Àjàyí Crowther ti tún fojú kan ìyá rẹ̀, ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Nígbà tí òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, wọ́n wá ọ̀rọ̀ tó máa dùn gbọ́ létí irú ìyá bẹ́ẹ̀, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Ohun tó ti di àdúrà lẹ́nu èèyàn láti ìgbà náà kò tún nílò ògbufọ̀. Ká ní mo ti rò ó báyìí, ǹ bá ti ṣí Bíbélì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìtàn ìgbésí ayé màmá àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí AI túmọ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀, ó ṣe wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n àgbà kà wọ́n kí n tó tún tẹ̀ wọ́n.

Ẹ fi PDF ránṣẹ́ sí atẹ̀wé o. Lẹ́tà “Ẹ” ní àyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n tí àmì bá tún wà lórí rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń gbé àmì náà lé e. Kọ̀ǹpútà atẹ̀wé mi sọ gbogbo rẹ̀ di àpótí kéékèèké.

Lọ́jọ́ ìsìn, nígbà tí a dé ibi Sáàmù, àwọn àgbà ò wo ìwé rárá. Àwọn ọmọ àbúrò mi tí wọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù wá ló ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gbè é lẹ́yìn àwọn àgbà.