Epo Ẹja, Ọkàn àti Ẹ̀ṣọ́ Ara: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Agboolé

Bí ẹ bá ń jẹ ẹja ọlọ́ràá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ ò nílò epo ẹja inú ìgò, àfi bí dókítà bá rí ìdí tó fi kọ ọ́ fún yín. Ibẹ̀ la fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń náwó lé kápúsù tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, tí wọ́n sì pa ẹja gidi tì.

Kí ló wà nínú epo náà?

Oríṣi ọ̀rá méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, EPA àti DHA. Omega-3 ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀wà sóyà àti èso flax náà ní omega-3, àmọ́ oríṣi tiwọn ni ALA. Díẹ̀ bíńtín ni ara lè sọ di EPA nínú rẹ̀. Èyí tó ń di DHA tilẹ̀ tún kéré sí i. Ẹja pàápàá, inú àwọn ewédò tín-tìn-tín inú omi ni ọ̀rá yìí ti wá sí ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí epo ewédò fi lè ṣiṣẹ́ kan náà fún ẹni tí kì í jẹ ẹja.

Kì í ṣe gbogbo ẹja ló ní in púpọ̀. Títù, ṣáwá, sàdíìnì àti sámọ́nì ló lọ́ràá. Gíráàmù 100 títù tàbí sàdíìnì tó ti jinná sábà máa ń ní nǹkan bíi gíráàmù 1 EPA àti DHA ní àpapọ̀, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Epìyà àti pańla kò lọ́ràá. Oúnjẹ aṣaralóore ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má kà wọ́n mọ́ èyí tí à ń sọ.

Ohun tó ń ṣe fún ẹ̀ṣọ́ ara

Ọ̀rá wà nínú awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé tàbí tí ara bá gbọgbẹ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ara, á yọ lára ọ̀rá yìí, wọ́n á fi ṣe èròjà tó ń kéde ogun: ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, á sì máa ro ni. Oríṣi ọ̀rá mìíràn, omega-6 kan tó ń jẹ́ arachidonic acid, ni wọ́n sábà ń lò. Ẹni tó bá ń jẹ EPA àti DHA déédéé, àwọn náà á gba àyè lára awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, èròjà tó sì ń tara EPA jáde kì í le tó ti omega-6. Láti ara EPA àti DHA náà ni ara ti ń ṣe resolvin, èyí tó ń pàṣẹ pé kí ogun dáwọ́ dúró, kí wọ́n palẹ̀ òkú mọ́.

Fún ìdí èyí, ẹni tó bá sọ pé epo ẹja ń "fún ẹ̀ṣọ́ ara lágbára" kò sọ ọ́ dáadáa. Ó ń jẹ́ kí ìjà náà mọ níwọ̀n ni. Kì í wo ibà, kì í lé ọ̀fìnkìn. Ara àwọn tí ẹ̀ṣọ́ ara wọn ń bá oríkèé wọn jà ló ti hàn dáadáa: nǹkan bíi gíráàmù 3 EPA àti DHA lójúmọ́ lè dín ìrora kù, kí oríkèé má sì le gan-an láàárọ̀. Oṣù méjì sí mẹ́ta ló máa ń gbà kí ó tó hàn, torí awọ sẹ́ẹ̀lì kì í yí padà lọ́jọ́ kan. Ẹ má tìtorí rẹ̀ fi oògùn yín sílẹ̀. Ẹ má sì rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó, torí àpọ̀jù rẹ̀ lè sọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà di ọ̀lẹ.

Ọkàn ńkọ́?

Ohun tó dájú jù ni ti triglyceride, ọ̀rá kan tó ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Gíráàmù 4 omega-3 tí dókítà kọ fúnni lójúmọ́ máa ń dín in kù ní ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, torí ẹ̀dọ̀ kò ní máa ṣe é jáde tó ti tẹ́lẹ̀.

Ti ìkọlù ọkàn ló ní awuyewuye. Lọ́dún 1999, ìwádìí GISSI ní Ítálì, lára ènìyàn 11,324 tí ọkàn wọn ti kọlù wọ́n rí, fi hàn pé nǹkan bíi gíráàmù 1 lójúmọ́ dín ikú kù. Àmọ́ nígbà tí ìwádìí VITAL ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí kò ní àrùn ọkàn ní ìwọ̀n kan náà, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2018, ènìyàn 25,871 ló wà níbẹ̀, kò sì dín àpapọ̀ ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti ikú ọkàn kù lọ́nà tó dájú. Ìwádìí mìíràn, REDUCE-IT, lo EPA nìkan, gíráàmù 4, fún àwọn tí triglyceride wọn ga. Ó dín ìṣòro ọkàn kù ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí STRENGTH pa EPA pọ̀ mọ́ DHA ní gíráàmù 4, kò sì rí àǹfààní kankan. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí epo mìíràn tí REDUCE-IT fún àwọn tí kò lo EPA, bóyá òun ló pa wọ́n lára tí èsì fi dára tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí a gbà gbọ́ ni pé kápúsù kékeré kì í dáàbò bo ọkàn ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹja tó gba ipò ẹran ọlọ́ràá nínú àwo ló ń ṣoore. Ẹ rántí èyí pẹ̀lú: omega-3 inú ìgò, pàápàá tó bá ju gíráàmù 1 lọ lójúmọ́, máa ń mú kí ó rọrùn fún ọkàn àwọn kan láti máa lù ségesège. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já lójijì tàbí tó ń lù kìkìkì, kí ó dá a dúró, kí ó lọ rí dókítà.

Ìwọ̀n

Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, mílígíráàmù 250 sí 500 EPA àti DHA lójúmọ́ ti tó. Gíráàmù 100 títù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Ara ìgò lè kọ "1000 mg" gàdàgbà-gadagba. Ìwọ̀n gbogbo epo inú kápúsù nìyẹn. Ẹ yí ìgò sẹ́yìn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ EPA àti DHA sí, ẹ ro méjèèjì pọ̀. Bí EPA bá jẹ́ 180 tí DHA jẹ́ 120, mílígíráàmù 300 péré ló wà nínú kápúsù kan. Ẹni tí dókítà ní kó lo gíráàmù 1, tó wá ń gbé kápúsù kan mì, kò ì tíì lo ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá, kì í wọ ara dáadáa nínú ikùn òfìfo.

Epo ẹ̀dọ̀ ẹja yàtọ̀, torí fítámínì A wà nínú rẹ̀ púpọ̀. Kí aláboyún yàgò fún un, àpọ̀jù fítámínì A lè ṣe ọmọ inú lára.

Rírà, sísè àti ìtọ́jú

Afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti ooru ló ń ba epo ẹja jẹ́. Ẹ gé kápúsù kan, ẹ gbóòórùn rẹ̀: òórùn ẹja díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bó bá ń rùn bí ọ̀dà ìkunlé, tàbí tó korò lẹ́nu, ẹ dà á nù. Kí ìgò máa wà nínú òkùnkùn, kí ẹ sì gbé epo olómi sínú fíríìjì bí ẹ bá ti ṣí i. Ẹ má fi dín nǹkan.

Ẹja tí ẹ bá dín nínú epo púpọ̀, ọ̀rá tirẹ̀ á ṣàn jáde, omega-6 inú epo ìdínǹkan á sì wọlé dípò. Ẹ bọ̀ ọ́, ẹ sun ún, tàbí kí ẹ fi sínú ọbẹ̀ kí ẹ sì jẹ omi rẹ̀.

Títù àti sàdíìnì kò gbọdọ̀ jókòó sínú ooru. Kòkòrò ara wọn máa ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ histamine, iná kò sì lè pa á: ojú á pọ́n, orí á fọ́, ara á máa yúnni. Inú yìnyín ni kí wọ́n wà láti ìgbà tí wọ́n bá ti kúrò lómi.

Ẹni tó ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún, àti ẹni tí ẹja kì í bá lára mu, kí wọ́n bi dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Fún ẹni tó ń sin adìyẹ

Epo ẹja nínú oúnjẹ adìyẹ tó ń yé máa ń gbé DHA wọ inú pupa ẹyin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kó ju kílógíráàmù 1.5 lọ nínú 100 kílógíráàmù oúnjẹ, torí tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹyin á máa ní adùn ẹja, àwọn oníbàárà á sì kọ̀ ọ́. Ìwọ̀n tí wọn yóò jẹ tán kíákíá ni kí ẹ máa pò, torí epo náà ń bàjẹ́ nínú àpò.