Bí mo ṣe se ìrẹsì àti ẹ̀wà lọ sábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba

Kí n tó ronú kan ìkòkò rárá, ibi tí àwọn tó máa jẹun ti máa jókòó jẹ ẹ́ ni mo kọ́kọ́ rò. Ẹni tó ń sùn lábẹ́ afárá kò ní tábìlì, kò ní àwo, kò ní omi tó máa fi ṣanwọ́, kò sì ní ibi tó máa fi àjẹkù pamọ́ sí di ọ̀la. Oúnjẹ tó dára nínú ilé lè di ìyọnu sí i lọ́wọ́. Àmàlà àti ewédú, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́ nínú òkùnkùn láìsí omi? Ẹja ṣáwá dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló máa yọ egungun rẹ̀ fún ọmọdé níbi tó jẹ́ pé iná mọ́tò tó ń kọjá nìkan ni ìmọ́lẹ̀?

Torí náà mo lọ béèrè kí n tó lọ sọ́jà. Ohun kejì tó jẹ́ kí n lọ ni pé àwọn èèyàn yìí kì í pẹ́ lójú kan. Ìjọba lè lé wọn lónìí, kí wọ́n bára wọn ní Òṣòdì lọ́la. Lọ́dún 2024, nígbà tí ìjọba Èkó kó àwọn tó ń gbé abẹ́ afárá Dolphin ní Ìkòyí kúrò, Tokunbo Wahab tó jẹ́ kọmíṣánnà fún ètò àyíká sọ pé yàrá 86 ni wọ́n bá níbẹ̀, àti pé àwọn tó wà nínú wọn ń san nǹkan bíi 250,000 náírà lọ́dún. Owó ilé o, lábẹ́ afárá! Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìyẹn, ẹni tó bá sọ fún mi pé ọ̀lẹ ni wọ́n, mi ò dá a lóhùn mọ́. Alábàárù wà nínú wọn, ẹni tó ń ta píọ́ wọ́tà wà níbẹ̀, ẹni tó ń fọ mọ́tò wà níbẹ̀, ìyá ọlọ́mọ tí ọkọ lé jáde náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Owó ilé ọdún kan gbáko, ká ti owó ajẹ́ǹtì àti àgírímẹ́ǹtì lé e, ni wọn ò rí kó jọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà. Òun ni wọ́n ní kí n lọ bá. Mo kúnlẹ̀ kí i: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà." Ó wò mí tòkè tilẹ̀.

"Kí lò ń tà?"

Mo ní mi ò ta nǹkan kan mà, oúnjẹ ni mo fẹ́ sè wá, kí ni wọ́n á fẹ́ jẹ? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn tó ń gbé nǹkan wá kì í béèrè. "Bísíkíìtì ni wọ́n máa ń kó wá, ọmọ mi. Bísíkíìtì pẹ̀lú fọ́tò." Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá sọ tinú ẹ̀: ohun gbígbóná ni, kó má ta jù, kó sì jẹ́ èyí tí ìwọ̀nba eyín tó kù sí òun lẹ́nu lè rí jẹ. Ó ní kí n má tíì dé kí agogo méje ààbọ̀ tó lù, torí àwọn alábàárù ò tíì ní dé láti ọjà Tẹ́júoṣó. Tó bá sì ti kọjá mẹ́sàn-án, àwọn ọmọdé á ti sùn. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé kí n rí àwọn ọmọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀. Mo rí wọn. Ọ̀gá wọn ní òun ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n tiwọn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí ò tọ́ nínú ìyẹn. Ebi ń pa àwọn náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ìrẹsì àti ẹ̀wà nìyẹn, ká sè é pọ̀. Ẹni tí kò leyín lè jẹ ẹ́, ó ń dúró pẹ́ níkùn, ó sì ṣeé pọ́n sínú ewé. Ọjà Ojúwoyè ní Muṣin ni mo ti ra kóńgò ìrẹsì 4 àti kóńgò ẹ̀wà olóyin 2, mo fojú wọ̀n ọ́n fún nǹkan bí ẹni 60. Kóńgò kan tó kílò kan ààbọ̀, ó lè dín díẹ̀, nítorí náà ẹnì kọ̀ọ̀kan máa rí nǹkan bíi gíráàmù 150 ní gbígbẹ. Tó bá jinná tán, ẹni tó ti gbẹ́rù látàárọ̀ á yó. Mi ò ra ẹran. Pọ̀nmọ́ ò ṣeé fún arúgbó, bẹ́ẹ̀ ni ẹran tí owó mi ká kò ní ju èyí tó máa há sáàárín eyín. Kíréètì ẹyin 2 ni mo rà, ẹyin kan fún ẹnì kan, kò sí pé tèmi kéré.

Ewé ńkọ́? Àwo fóòmù funfun tí gbogbo olóúnjẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ìjọba Èkó ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ká tiẹ̀ ní wọn ò dè é, ewé eéran ni màá lò. Ewé ń pa ooru mọ́, ó ń fún ìrẹsì ní òórùn tí nǹkan mìíràn kò lè fún un, ẹni tó bá sì jẹun tán lè jù ú nù kó jẹrà. Mo fi aṣọ tútù nu ewé náà níwájú lẹ́yìn, mo gé ìdí rẹ̀ tó le kúrò, mo sì yà á lójú iná fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè rọ̀. Ewé tí kò rí iná máa ń ya nígbà tí èèyàn bá ń ká a.

Àjùmọ̀ṣe ni sísè rẹ̀. Alhaja tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa gbé ìkòkò àgbà tí wọ́n fi ń se sàárà jáde, àwọn ọmọ wọn to ààrò sẹ́yìnkùlé. A ti ṣa ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí òkúta kan péré lẹ́nu arúgbó, oúnjẹ bàjẹ́ nìyẹn. A bọ ẹ̀wà, a da omi àkọ́kọ́ nù kó má baà máa fẹ́ ènìyàn níkùn, a tún bu omi gbígbóná sí i pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ibi tí ó gba ojú inú ni ìgbà tí ó yẹ kí ìrẹsì wọlé. Mo bu ẹyọ ẹ̀wà kan, mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́: ara rẹ̀ fọ́, àárín rẹ̀ ṣì le díẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni. Tí ẹ̀wà bá ti jinná tán kí ìrẹsì tó wọlé, á di àsáró. Tó bá ṣì le, ìrẹsì á rọ̀ kí ẹ̀wà tó jinná. A fọ ìrẹsì, a dà á sí i, a fi iyọ̀ sí i, a to ewé lé e lórí kí a tó dé e, a wá fa igi jáde kí iná lè rẹlẹ̀.

Ọbẹ̀ ata lọ́tọ̀. Tàtàsé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ata rodo ò ju ìwọ̀nba lọ. Àwọn kan nínú wọn ò ní tíì jẹ nǹkan kan látàárọ̀, ata gbígbóná lórí inú òfìfo kì í ṣe oore. Mo sè é títí omi rẹ̀ fi gbẹ, mo yọ́ epo pupa, mo fi àlùbọ́sà àti irú sí i. Tí irú bá ti kan epo gbígbóná, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ti pé síbi ààrò kí n tó da ata sí i. A dín in títí epo fi léfòó, a wá kó ẹyin bíbọ̀ sí i.

Nǹkan tí mo le lé lórí jù ni àkókò. Ìrẹsì ní kòkòrò tíntìntín kan tí ojú kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus. Iná kì í pa irúgbìn rẹ̀ tán. Tí ìrẹsì bá wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́, irúgbìn yẹn á hù, á sì sọ oúnjẹ di májèlé kó tó di pé ó kan. Ẹni tí inú ń run nínú ilé rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sá lọ. Níbo ni ẹni tó wà lábẹ́ afárá fẹ́ sá lọ? Nítorí náà agogo mẹ́rin ọ̀sán ni a tó dáná, a ò pọ́n ewé kankan títí ó fi kù díẹ̀ ká lọ. A fi omi híhó ṣan kúlà, a to àwọn ewé náà sínú rẹ̀ ní gbígbóná, a dé e pinpin. Láti orí iná dé ẹnu wọn, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ. Onímárúwá tó gbé wa gba ọ̀nà ẹ̀yìn nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni tò. Ìtò máa ń di ìjà, àwọn tí kò lè dìde kì í sì í rí nǹkan gbà. Àwa la lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Ọmọ Alhaja kan ń bu omi láti inú búútà sí wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, èkejì ń pín ewé, mo ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú omi mímu. Àwọn ọlọ́mọ ló kọ́kọ́ gbà. Bàbá kan tó ń fi pátákó onítáyà rìn tú ewé rẹ̀ lórí itan, kò tíì jẹ ẹ́, ó ní kí òun kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ ná. Àwọn ṣíbí oníke tí mo kó dání, ọ̀pọ̀ wọn ò bójú wò wọ́n. Ọwọ́ ni wọ́n fi jẹ. Ẹnikẹ́ni ò ya fọ́tò. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ nílé pé kí fóònù wà lápò.

Ìyá Àgbà jẹ tiwọn tán, wọ́n lá ìka. Mo béèrè bó ṣe rí.

"Iyọ̀ rẹ̀ tó. Ata rẹ̀ ni kò tó."

Mo ní àwọn náà kọ́ ló ní kó má ta jù? Ọ̀gá àwọn ọmọkùnrin yẹn ní kí n má dá màmá lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe. Àpò la kó ewé tí wọ́n ti jẹ tán sí, a gbé e lọ síbi tí ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí ti máa ń kó o.

Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà láàárọ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ báyìí. Ẹ̀kọ ò níṣòro, kúlà lè gbé e. Àkàrà ló ń fún èmi àti Alhaja ní ìrònú, torí tí a bá dín in nílé, ooru inú kúlà á sọ ọ́ di rírọ̀. Ó dà bíi pé àgbádá la máa gbé lọ síbẹ̀, bí ọ̀gá yẹn bá gbà ká dáná. Alhaja ti ní lílọ ẹ̀wà di ọwọ́ àwọn.