Ẹ mú execution plan dání lọ sí SQLSaturday

Ẹ̀yin ará wa tó ń tọ́jú database, bí ẹ bá ń lọ sí SQLSaturday (ìpàdé ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń lo SQL Server) tàbí ìpàdé àwọn tó ń lo PostgreSQL, database mìíràn, ẹ mú execution plan query (ìbéèrè tí a kọ sí database) kan tó ń falẹ̀ níbi iṣẹ́ yín dání. Execution plan ni àkọsílẹ̀ ọ̀nà tí database gbà dáhùn query náà. Lórí SQL Server, ẹ gba actual execution plan (èyí tó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an hàn), kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì .sqlplan. Lórí PostgreSQL, ẹ kọ EXPLAIN ANALYZE síwájú query náà. Ẹ ṣọ́ra níbí o: ANALYZE máa ń ṣe iṣẹ́ náà ní ti gidi, torí náà bó bá jẹ́ UPDATE tàbí DELETE, BEGIN ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ROLLBACK ni kí ẹ fi parí, kí àyípadà náà má bàa dúró. Bí olùbánisọ̀rọ̀ bá ṣe tán, ẹ lọ bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí nídìí oúnjẹ ọ̀sán. “Database wa ń lọ́ra” kò fún un ní nǹkan kan dì mú, ṣùgbọ́n bó bá rí i pé row (ìlà dátà) mẹ́wàá péré ni ẹ̀rọ ń retí tí 2,000,000 sì jáde, kíá ni yóò ti fura sí statistics (àkọsílẹ̀ tí database fi ń díwọ̀n iye row) tó ti pẹ́. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní SQLSaturday yọ̀ǹda ara wọn ni, ìbéèrè tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ sì máa ń dùn mọ́ wọn. Ní tèmi, ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ ju odindi slide lọ. Àmọ́ orúkọ tàbí nọ́ńbà oníbàárà lè wà nínú query inú plan náà: ẹ yọ wọ́n kúrò kó tó kúrò níléeṣẹ́, bí ọ̀gá kò bá sì fọwọ́ sí i, ẹ fi sílẹ̀.