Bí mo ṣe ń fi AIDE ṣọ́ fáìlì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa l'Ákùúrẹ́

Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ wa wà, nítòsí Ọjà Ọba. Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ló wà lórí ẹ̀, AIDE, ètò tó ń sọ fún wa bí fáìlì bá yí padà, ni mo sì fi ń ṣọ́ ọ. Ọ̀fẹ́ ni. Ó máa ń ṣírò àmì SHA-256, ìyẹn àmì tó ń wá láti inú ohun tó wà nínú fáìlì, fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá yí òǹkà kan péré padà nínú ìwé gbèsè, àmì yẹn ò ní bára mu mọ́.

Ẹ kọ `sudo apt install aide`, kí ẹ wá ṣí `/etc/aide/aide.conf`, fáìlì tí a fi ń sọ ohun tí AIDE máa ṣọ́. Ibí yìí gan-an niṣẹ́ wà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wá, yóò máa pariwo lórí fáìlì tó ń yí padà lójoojúmọ́, yóò sì sú yín. Ohun tí mo fi kún tèmi rèé:

`/srv/owo p+u+g+s+sha256`
`!/srv/owo/tmp`

Ìlà kìíní ń wo àṣẹ orí fáìlì, ẹni tó ni ín, gúrúùpù rẹ̀, bó ṣe tóbi tó àti àmì rẹ̀. Àmì ìyanu (!) tó wà ní ìlà kejì ní kó fojú fo ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí AIDE kó àwọn àmì ìbẹ̀rẹ̀ jọ sínú aide.db:

`sudo aideinit`
`sudo cp /var/lib/aide/aide.db.new /var/lib/aide/aide.db`

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ da aide.db kọ sórí flash, kí ẹ sì yọ flash náà kúrò lára kọ̀ǹpútà. Olè tó bá ráyè wọlé lè tún aide.db náà ṣe. Akápò wa ni tiwa wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fáìlì kan ti yí padà:

`sudo aide --config /etc/aide/aide.conf --check`

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó ṣe apt upgrade (àṣẹ tó ń sọ àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà di tuntun), kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ nìkan.