Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ bá kọ import nínú Python

Kóòdù kékeré kan ni mo kọ, tó kàn máa mú nọ́ńbà kan láti 1 dé 6 bíi ti lúdò, mo wá sọ fáìlì yẹn ní random.py. Mo kọ import random, kí n lè lo random tó bá Python wá (import ló ń mú module, ìyẹn kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, wọlé), mo pe random.randint tó ń mú nọ́ńbà, ni Python bá gbé àṣìṣe AttributeError jáde, pé random ò ní nǹkan tó ń jẹ́ randint. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi wá a o.

Ẹ wo bó ṣe rí. Tí Python bá rí import, kì í sáré lọ wá fáìlì. sys.modules ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, ìyẹn dictionary (àkójọ orúkọ àti ohun tó ń jẹ́ orúkọ yẹn) tó ń kọ orúkọ gbogbo module tó ti wọlé sí. Tó bá ti bá a níbẹ̀, ìyẹn náà ló máa gbé fún yín, kò ní ka fáìlì yẹn mọ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ bá tún module ṣe tí Python ṣì wà ní ṣíṣí, importlib.reload lẹ máa lò, import lásán ò ní yí nǹkan kan padà.

Tí kò bá sí níbẹ̀, á wo àwọn tí wọ́n kọ́ mọ́ Python fúnra ẹ̀, bíi sys àti time, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nínú àwọn fódà inú sys.path, ìyẹn àkójọ àwọn ibi tó ti ń wá module, láti òkè wá sílẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ rí ló máa mú. Fódà tí fáìlì tẹ́ ẹ ń rọ̀n (run) wà ló sì wà lókè pátápátá! Fáìlì random.py tèmi ló kọ́kọ́ rí nìyẹn.

Ibi tó ti wá le nìyí: tó bá ti rí fáìlì, á ṣẹ̀dá module òfìfo, á kọ orúkọ ẹ̀ sínú sys.modules, kó tó wá rọ̀n kóòdù inú ẹ̀. __main__ ni orúkọ tí Python ń fún fáìlì téèyàn bá rọ̀n ní tààràtà, torí náà ohun tí fáìlì mi ń jẹ́ nìyẹn, kì í ṣe random, torí ẹ̀ ló ṣe tún lọ kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó tún bá import random nínú ẹ̀, ó wo sys.modules, ó bá random tí kò tíì parí níbẹ̀, ó gbé e fún mi, randint ò sì sí nínú ẹ̀.

Tó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ kọ print(random.__file__), á sọ fódà tó ti mú un. Tó bá jẹ́ fódà yín, ẹ yí orúkọ fáìlì yẹn padà. Irú wàhálà yìí náà lè ṣẹlẹ̀ tí fáìlì méjì bá ń import ara wọn: tó bá jẹ́ pé a.py ń import b.py, tí b.py náà ń import a.py, ohun táwọn méjèèjì jọ ń lò ni kẹ́ ẹ kó sínú fáìlì kẹta.